Àdìrẹ Nínú Ilé Ìmọ́lẹ̀ Etí Òkun: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí àti Ìdáhùn Wọn

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Shetland, àwọn erékùṣù tó wà ní òkè Scotland, níbi tí mo ti lọ ṣe rẹ́sídẹ́ńsì, tí mo pa àdìrẹ tí mo sì pàtẹ rẹ̀ sínú ilé ìmọ́lẹ̀ etí òkun, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí fóònù. Mo kó wọn jọ síbí, kí ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ aṣọ lọ sí irú ibẹ̀ lè rí nǹkan kà kó tó di ẹrù.

Kí ni ilé ìmọ́lẹ̀ etí òkun gan-an?

Ilé gogoro ni, tí wọ́n kọ́ sórí àpáta tàbí sí ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú òkun, tí iná ńlá sì wà lórí rẹ̀. Atukọ̀ tó bá rí iná náà lóru á mọ̀ pé ewu ń bẹ nítòsí, á sì tún mọ ibi tí òun dé, torí pé bí iná ilé kan ṣe ń ṣẹ́jú yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ọ̀kan á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, á dákẹ́. Òmíràn á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, á tún pẹ́ kó tó ṣẹ́jú míì.

Ní Scotland, àjọ Northern Lighthouse Board ló ń bójú tó wọn láti ọdún 1786. Kinnaird Head ní ìlú Fraserburgh ni wọ́n kọ́kọ́ tan, ní December 1787, orí ilé olódi àtijọ́ kan ni wọ́n sì gbé iná ọ̀hún sí. Ti Sumburgh Head, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní erékùṣù Shetland, tàn ní 1821. Robert Stevenson ló kọ́ ọ.

Ṣé àwọn olùtọ́jú iná ṣì ń gbé ibẹ̀?

Rárá o. Ẹ̀rọ ló ń tan iná, ẹ̀rọ ló ń pa á. Fair Isle South ló kẹ́yìn ní Scotland tí èèyàn fi ń gbé ìdí iná, wọ́n sì kúrò níbẹ̀ ní 31 March 1998. Iná ṣì wà lọ́wọ́ àjọ, àmọ́ púpọ̀ nínú ilé tí àwọn olùtọ́jú àti ìdílé wọn ń gbé ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn kan ti di ilé àlejò, àwọn kan ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ń gba oníṣẹ́ ọnà. Irú èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo gbé.

Rẹ́sídẹ́ńsì tí ẹ ń sọ yìí, ṣé ilé ìwé ni?

Kì í ṣe ilé ìwé, kì í sì í ṣe ìdíje. Wọ́n á fún oníṣẹ́ ọnà ní ibi tó máa sùn, àyè tó máa ti ṣiṣẹ́, àti àkókò tí ẹnikẹ́ni ò ní dà á láàmú. Òun náà á ṣe iṣẹ́ tó bá ibẹ̀ mu, á sì fi han àwọn ará àdúgbò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni tèmi, láti ìparí oṣù May. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn la fi ṣe ìpàtẹ.

Kí ló pa àdìrẹ pọ̀ mọ́ ilé ìmọ́lẹ̀?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Kí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì tó dé, òwú ló ń tan òkun. Nínú àtùpà tí wọ́n ń lò nígbà náà, òwú ló ń fa epo sókè tó sì ń jó. Ní 1780, Argand, ará Switzerland, hun òwú àtùpà ní róbótó, ó dá ihò sí àárín rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, iná sì mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì. Nígbà tó di 1901, àtùpà kẹrosíìnì tó ń lo àpò òwú kékeré dé. Wọ́n á rẹ àpò náà sínú oògùn, òwú inú rẹ̀ á jóná tán, egungun rẹ̀ nìkan á kù, egungun yẹn lá sì máa tàn yòò. Ẹni tó bá rántí àtùpà gáàsì tí wọ́n ń gbé kọ́ níbi àìsùn òkú àti ìwàásù ìta gbangba mọ àpò tí mò ń wí. Ẹ fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti di eérú.

Aṣọ ìkélé náà tún wà níbẹ̀. Ní 1823, wọ́n gbé dígí ńlá tí Fresnel, ará Faransé, ṣe sínú ilé ìmọ́lẹ̀ Cordouan. Dígí náà ń kó ìmọ́lẹ̀ àtùpà kékeré jọ, ó ń rán an jìnnà sójú òkun. Àmọ́ ohun tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jáde lóru lè kó oòrùn wọlé lọ́sàn-án, kó sì dáná sun nǹkan. Torí náà, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, àwọn olùtọ́jú á fa aṣọ ìkélé yí yàrá iná ká. Bí wọ́n bá fẹ́ nu dígí, wọ́n á wọ épírọ́ọ̀nù ọ̀gbọ̀ kí bọ́tìnnì aṣọ wọn má baà ha á.

Ẹ wá wò ó: òwú ni iná, aṣọ ló ń ṣọ́ dígí. Àyè aṣọ ti wà nínú ilé yẹn kí n tó débẹ̀. Mi ò gbé àjèjì lọ bá wọn.

Kí gan-an lẹ ṣe?

Aṣọ ìkélé mẹ́sàn-án, òwú funfun, tó sọ̀ kalẹ̀ láàárín àtẹ̀gùn tó yí po. Mẹ́rin jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí aró má baà mu ibẹ̀; mẹ́ta jẹ́ oníko, tí wọ́n ń fi ìko dì; méjì jẹ́ alábẹ́rẹ́, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán kí wọ́n tó rì í. Àwọ̀ wọn ń jinlẹ̀ bí èèyàn ṣe ń gòkè: èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà jẹ́ àyìnrín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jù bí ojú ọ̀run àárọ̀, èyí tó wà lókè pátápátá sì dúdú bí ẹtù. Lórí mẹ́rin ẹlẹ́kọ, ọnà Olókun ni mo yà, mo wá ya àwòrán òwú àtùpà róbótó kún inú àwọn àpótí kan nínú ọnà náà.

Ta ló ń sanwó?

Ó yàtọ̀ síra. Àwọn kan á fún yín lówó oúnjẹ àti ti ohun èlò, àwọn kan á ní kí ẹ wá sanwó ilé. Ẹ ka lẹ́tà wọn dáadáa kí ẹ tó dáhùn. Ẹ bèèrè ẹni tó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó máa sanwó ẹrù lọ àti bọ̀, ẹni tó máa ṣe ìbánigbófò aṣọ, àti ẹni tó ni iṣẹ́ náà bí ìpàtẹ bá parí. Bí wọ́n bá ní "a ó máa sọ ọ́ bó bá yá," ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Físà wo ni mo nílò, ìwé wo sì ni aṣọ nílò?

Fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá fẹ́ sanwó iṣẹ́ fún yín tí ẹ sì máa pẹ́ ju oṣù kan lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Creative Worker lẹ máa bèèrè. Àjọ tó ní ìwé àṣẹ ìgbọ̀wọ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún yín ní ìwé ìgbọ̀wọ́ kí ẹ tó lè bèèrè rẹ̀. Òfin yìí máa ń yí padà, nítorí náà ẹ má gbára lé ohun tí ọ̀rẹ́ yín tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn sọ.

Ní ti aṣọ, bẹ́ẹ bá ń kó iṣẹ́ ọnà jáde ní Nàìjíríà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ National Commission for Museums and Monuments pé kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo mọ ẹni tí wọ́n dá dúró ní pápákọ̀ òfuurufú títí ọkọ̀ fi gbéra, torí pé àdìrẹ tuntun tó kó dání jọ ti ayé ìyá wa.

Kí ni kí n dì sẹ́rù?

Ìko tiyín, torí ẹ ò ní rí irú rẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́, ìyẹ́ adìẹ tẹ́ ẹ ti gé ẹnu rẹ̀, álọ́ọ̀mù díẹ̀. Mo kọ́kọ́ yà sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ra láfún tí mo fi se ẹ̀kọ ọnà níbẹ̀, mi ò jẹ́ gbé e láti ilé. Láti Aberdeen ní Scotland, ọkọ̀ ojú omi máa ń wọ òru kó tó dé Lerwick ní Shetland, ìgbì òkun apá ibẹ̀ sì le. Ẹ mú aṣọ òtútù dání, kódà lóṣù June.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀?

Láàárín oṣù June, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́, á sì tún yọ kí aago mẹ́rin ìdájí tó lù. Wákàtí tó wà láàárín kì í ṣókùnkùn, ó máa ń dà bí ìgbà tí òjò bá ṣú lọ́sàn-án. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní simmer dim. Ó dáa fún ẹni tó ń ran àdìrẹ alábẹ́rẹ́, kò dáa fún oorun. Ìgbà òtútù ló yí padà: ojúmọmọ ò ju bíi wákàtí mẹ́fà lọ. Ẹ mọ oṣù tẹ́ ẹ máa lọ.

Aró ńkọ́? Ṣé ó jí níbi tó tutù bẹ́ẹ̀?

Ó jí, àmọ́ ó fi ojú mi rí nǹkan. Aró èlú kò yàtọ̀ sí ọtí tó ń kan: ohun alààyè tí ojú ò lè rí ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò, ooru ni wọ́n sì fẹ́. Bí omi bá wà láàárín 25 sí 35 lórí ìwọ̀n Celsius, inú wọn á dùn. L'Ábẹ́òkúta, oòrùn ń ṣe ìyẹn fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, a ò tiẹ̀ mọ̀ pé a ń gba oore. Ní Shetland, ọ̀sán oṣù June kì í sábà kọjá 15. Ọjọ́ méjìlá ni ìkòkò mi àkọ́kọ́ fi dákẹ́ bí òkú. Kò hó, kò rùn, ojú rẹ̀ ò dán.

Eérú tún jẹ́ ìṣòro mìíràn. Igi ò pọ̀ ní erékùṣù náà. Ilẹ̀ irà tí wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n sì sá gbẹ ni wọ́n fi ń dáná látijọ́. Eérú ilẹ̀ ò le tó eérú igi. Mo gbìyànjú rẹ̀, omi rẹ̀ kàn rọ̀ lọ́wọ́ ni, kò ta. Mo padà ra sódà. Wọ́n ní àgbè ló laró, kì í ráhùn aró. Èmi tí wọ́n bí sídìí aró ráhùn rẹ̀ gidi.

Obìnrin àgbà kan tó ń fọ irun àgùntàn ládùúgbò ló gbà mí. Ó kó irun àgùntàn tí wọn ò tíì ran wá nínú àpò, ó ní kí n fi dì ìkòkò yíká, kí n sì gbé e sí yàrá tí ẹ̀rọ amúlégbóná wà. Lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà, mo ṣí ọmọrí, òórùn aró gbá mi nímú, mo pariwo. Ojú aró ti ń dán bí bàbà, ìfóòfó aláwọ̀ aró sì wà láàárín.

Nígbà tí mo fa aṣọ àkọ́kọ́ jáde, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Mo gbé e síta. Atẹ́gùn òkun gbà á lọ́wọ́ mi tán díẹ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn sì di aró kí n tó ka ogún. Nílé, a máa ń dúró kí atẹ́gùn wá bá aṣọ. Níbẹ̀, mo di etí aṣọ mú ni.

Kí ló dé tí ẹlẹ́kọ kò fi ju mẹ́rin lọ?

Mẹ́fà ni mo yà. Ẹ̀kọ ló já mi kulẹ̀, ẹ̀bi sì ni tèmi. L'Ábẹ́òkúta, bí mo bá fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ sórí aṣọ láàárọ̀, á ti gbẹ kótókótó kó tó di ìrọ̀lẹ́. Níbẹ̀, ọ̀rinrin òkun wà nínú afẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru. Ọjọ́ kẹta pé, ẹ̀kọ ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Mo kánjú. Mo ká aṣọ méjì lé ara wọn kí n lè ráyè ya òmíràn, ìgbà tí mo máa tú wọn, ọnà ti lẹ̀ mọ́ra, ojú Olókun ti di ọ̀kan.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni yàrá kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin, àti kí n má fi ẹ̀kọ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin sílẹ̀ fún aṣọ kan. Bẹ́ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ẹ ṣe oníko, ẹ fi ẹlẹ́kọ sílẹ̀.

Ṣé omi òkun ṣe é po aró?

Ẹ má ṣe é. Omi tó mọ́ ni kí ẹ fi po aró, òun náà ni kí ẹ fi ṣan aṣọ. Iyọ̀ tó bá kù nínú aṣọ á máa fa omi mọ́ra, aṣọ náà ò sì ní gbẹ dénú láéláé.

Báwo lẹ ṣe gbé aṣọ kọ́ sára ògiri róbótó?

N kò gbé e kọ́ sára ògiri rárá. Lákọ̀ọ́kọ́, ilé tí òfin dáàbò bò ni, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan ìṣó mọ́ òkúta. Lẹ́ẹ̀kejì, òkúta ilé etí òkun máa ń làágùn. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ ní iyọ̀, ó sì lè fi àbààwọ́n funfun sára aṣọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìhò tó wà láàárín àtẹ̀gùn ni mo lò. Mo rán àpò tẹ́ẹ́rẹ́ sí orí aṣọ kọ̀ọ̀kan, mo ki ọ̀pá pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́, a wá fi wáyà tín-ín-rín so ó rọ̀ láti ara irin àtẹ̀gùn. Ìsàlẹ̀ aṣọ náà ní ọ̀pá tirẹ̀ kó má baà fò. Àlàfo tó tó ìbú ọwọ́ méjì wà láàárín aṣọ àti òkúta.

Ohun kan wà tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Ilé gogoro ń fa afẹ́fẹ́ bí ihò èéfín. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣílẹ̀kùn nísàlẹ̀, gbogbo aṣọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á mí lẹ́ẹ̀kan náà, láti ìsàlẹ̀ dókè, wọ́n á tún rọra padà. Ọmọdé kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣí i, ó ń tì í. Mi ò jẹ́ kí wọ́n lé e.

Ilé ìmọ́lẹ̀ ni, kí ló dé tí ibi ìpàtẹ fi ṣókùnkùn?

Torí pé ìmọ́lẹ̀ ń jẹ aṣọ. Ohun tó bá ti ṣí kì í padà. Àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń bá aṣọ wà ní nǹkan bí 50 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), nígbà tí oòrùn ọ̀sán gangan lè ju 100,000 lọ. A fi bébà tó ń dí oró oòrùn bo fèrèsé, a sì pa púpọ̀ nínú iná inú ilé.

Bẹ́ẹ bá fẹ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń jẹ aṣọ, ẹ wá káàdì tí wọ́n ń pè ní Blue Wool. Ìrépé aṣọ irun àgùntàn mẹ́jọ aláwọ̀ aró ló wà lára rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ tètè ń ṣí, ìkẹjọ ló ń pẹ́ jù. Ẹ fi bébà bo ìdajì rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí aṣọ wà, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé aró ni gbogbo ayé fi ń wọn ìbàjẹ́ oòrùn.

Ẹ má sì ronú àtigbé aṣọ sí yàrá iná lókè. Iná náà ṣì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn atukọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dí i.

Ṣé wọ́n gbà káwọn èèyàn fọwọ́ kan aṣọ?

Mo fi àjákù aṣọ kan sẹ́nu ọ̀nà fún ìyẹn. Ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ ka àdìrẹ, ojú lá tẹ̀ lé e.

Kí làwọn obìnrin ibẹ̀ rò nípa iṣẹ́ yín?

Oníṣẹ́ òwú làwọn náà. Aṣọ híhun Fair Isle, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ hun ní ọnà oríṣiríṣi, ibẹ̀ ló ti wá. Látijọ́, aró èlú tí wọ́n ń rà láti òkè òkun ni wọ́n fi ń pa òwú rẹ̀, gbòǹgbò ewéko kan ló sì ń fún wọn ní pupa. Nígbà tí mo na aṣọ mi sílẹ̀, wọn ò bi mí pé kí ni. Wọ́n bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo rì í.

Wọ́n kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń na aṣọ lórí igi kó lè gbẹ láìsúnkì. Èmi kọ́ wọn ní ìko dídì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di í le jù mí lọ, torí pé ọwọ́ wọn ti mọ́ òwú fífà láti kékeré.

Olókun tẹ́ ẹ yà, ṣé ẹ ò gbé òrìṣà lọ sílé onílé?

Orúkọ ọnà ni, gẹ́gẹ́ bí Ìbàdàndùn ṣe jẹ́ orúkọ ọnà. Àwọn ìyá wa tó sọ ọ́ lórúkọ ń yin ọlá òkun, àti Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí ló sì ti ró o lọ sóde ìyàwó. Ẹni tó ń sin Olókun mọ ohun tó ń ṣe, mo bọ̀wọ̀ fún un. Aṣọ lèmi pa.

Àmọ́ mi ò ní sọ pé orúkọ ò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn apẹja Shetland láyé àtijọ́ kì í dárúkọ nǹkan gan-an lójú òkun. Bí wọ́n bá fẹ́ mẹ́nu ba pásítọ̀ tàbí ológbò, orúkọ mìíràn tó jẹ́ ti òkun nìkan ni wọ́n máa lò. Bàbá kan ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, mo sì sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ làwa náà kì í pe ejò lórúkọ lóru, okùn là ń pè é. Ó rọra mi orí. Kò sẹ́ni tó tún bi mí léèrè ìdí tí mo fi ya Olókun mọ́ ilé tó ń wo òkun.

Bí aró òyìnbó bá wọ̀ ọ́, ṣé àdìrẹ ṣì ni?

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ jù wá lọ. Ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta aró tí wọ́n pò ní ilé iṣẹ́ láti 1897. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1930, àwọn alaró Abẹ́òkúta ti ń lò ó pẹ̀lú sódà líle. Àwọn oníbàárà ráhùn pé aṣọ ń gbó kíákíá, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè é, àwọn alaró kan sì bá òfin náà jà torí pé oúnjẹ wọn ló wà nínú rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé dídì, yíyà àti rírán ló ń sọ aṣọ di àdìrẹ. Aró òyìnbó kò sọ ọ́ di ayédèrú, irọ́ nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìkòkò mi ò bá jí ní Shetland, aró òyìnbó ni ǹ bá lò, ǹ bá sì kọ ọ́ sára ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Ẹni tó bá pe aró òyìnbó ní èlú kó lè gbowó gọbọi, ìyẹn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ ò bẹ̀rù pé wọ́n á jí ọnà yín?

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù olè kì í ṣe ibẹ̀. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, tí wọ́n fi ọnà àdìrẹ sí lára, ti kún ọjà wa níhìn-ín, iye tí wọ́n ń tà á ò tó owó òwú lásán tí alaró máa rà. Ẹni tó jókòó tì mí fún ọjọ́ mẹ́rin, tó fi ìka rẹ̀ di ìko títí ó fi roró, kò jẹ́ ra ayédèrú mọ́. Mo ní kí àwọn tí mo kọ́ máa sọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ, kí wọ́n má sì fi ọnà Olókun tẹ aṣọ tà. Wọ́n fọwọ́ sí i lórí ìwé. Ó yẹ kí ẹ̀yin náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó di dandan kó jẹ́ ilẹ̀ òyìnbó?

Rárá. Ní Accra, ilé ìmọ́lẹ̀ Jamestown ń bẹ. Ti àkọ́kọ́ ibẹ̀ jẹ́ ti 1871, wọ́n kọ́ èyí tó wà báyìí ní àwọn ọdún 1930, àdúgbò rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ti ń ṣe ayẹyẹ Chale Wote láti 2011.

Èyí tó ń pè mí jù ni Salvador ní Brazil. Ilé ìmọ́lẹ̀ Barra ti ń tàn níbẹ̀ láti 1698, inú ilé olódi ni wọ́n kọ́ ọ sí, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nípa òkun ló sì wà nínú rẹ̀ báyìí. Aṣọ òkè tí wọ́n ń kó láti etíkun tiwa ni wọ́n ń pè ní pano da costa nílùú náà, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ń dà á bo èjìká. Ní Ilé Àṣẹ Opô Afonjá, ilé òrìṣà kan níbẹ̀, wọ́n ní ilé ìhunṣọ tí wọ́n ń pè ní Casa do Alaká. Ní erékùṣù Itaparica tó wà ní òdìkejì omi, àjọ rẹ́sídẹ́ńsì kan, Sacatar, ń gba oníṣẹ́ ọnà láti ibi gbogbo lágbàáyé. Ooru ibẹ̀ á jí aró láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti ń kọ lẹ́tà.

Níbo làwọn aṣọ náà wà báyìí?

Mo ta mẹ́ta. Mo fún obìnrin tó gbé irun àgùntàn wá ní ọ̀kan, ó ti fi ṣe aṣọ ìkélé ilé ìdáná rẹ̀. Mo kó mẹ́rin bọ̀ wálé, inú àpótí tí a fi bébà tí kò ní ásíìdì tẹ́ ni wọ́n wà.

Ìkẹsàn-án, èyí tó dúdú jù, ṣì wà lórí àtẹ̀gùn ilé náà. Mo ní kí wọ́n fi ìdajì rẹ̀ sí ìta aṣọ dúdú tí a fi bò ó, kí oòrùn máa rí i. Lóṣù May tó ń bọ̀, wọ́n á ṣí ìdajì tó kù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mi.